Ọ̀TẸLẸ̀MÚYẸ́ ÀTI ONÍJÓ: ÀÀYÈ ÌFẸ́ ỌKÙNRIN MÉJÌ NÍNÚ ÌTÀN ÀRÒSỌ YORÙBÁ

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Òwe yìí bá iṣẹ́ amí mu gidigidi. Ẹni tí ìjọba rán láti wọ inú ẹgbẹ́ kan lọ kí ó lè tú àṣírí wọn gbọ́dọ̀ bá wọn jẹ, kí ó bá wọn mu, kí ó sì bá wọn jó bí ijó bá dé. Bí ó bá pẹ́ láàrin wọn, ó lè di ọ̀kan nínú wọn láìfura. Nígbà mìíràn, ọkàn rẹ̀ a máa fà mọ́ ẹni náà gan-an tí wọ́n ní kí ó máa ṣọ́. Ìtàn amí tí ìfẹ́ mú pọ̀ nínú lítíréṣọ̀ àgbáyé, àwọn òǹkàwé sì fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí ó ń fa awuyewuye ni ìtàn tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti oníjó tí ó ń ṣọ́ ti jẹ́ ọkùnrin méjèèjì.

Bí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan bá kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí ó sì gbé e fún olùkọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìtàn kíkọ, kí ni olùkọ́ náà yóò ṣe? Ṣé yóò ya ìwé náà ni? Ṣé yóò fi akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀? Àbí yóò kà á gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ka ìtàn àròsọ yòókù, kí ó wo àhunpọ̀ ìtàn, kí ó wo ìfìwàwẹ̀dá, kí ó wo ìlò èdè? Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ààyè nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, àti pé ojúṣe olùkọ́ ni láti fi ojú iṣẹ́ ọnà àti ojú ọmọlúàbí wò ó. Èébú kì í ṣe lámèyítọ́.

Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kì í Ṣe Àjèjì

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti fìdí múlẹ̀ nínú ìtàn àròsọ Yorùbá ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969 àti nínú Àgbàlagbà Akàn ní ọdún 1971. Kọ́lá Akínlàdé náà kò gbẹ́yìn: Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀ wà lára àwọn ìwé tí ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká nínú irú ìtàn yìí. Kò sí ẹni tí ó kà wọ́n tí yóò sọ pé òǹkọ̀wé fẹ́ kí ọmọ Yorùbá di olè tàbí apànìyàn nítorí pé ó kọ ìtàn olè àti apànìyàn.

Ṣáájú ìwé kíkọ pàápàá ni ìtàn amí àti òṣèré ti wà nílẹ̀. Gbajúmọ̀ ni ìtàn Aláàfin Ògbólú, tí wọ́n tún ń pè ní Abípa, ẹni tí ó fẹ́ kó ààfin kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Inú àwọn ìjòyè kò dùn sí i. Wọ́n rán àwọn ènìyàn kan lọ sí orí òkè ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n máa ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn tí ọba rán lọ yẹ ilẹ̀ wò. Àṣírí tú sí ọba lọ́wọ́. Ó yan àwọn ògbójú ọdẹ láti lọ ṣọ́ ibẹ̀, wọ́n sì mú àwọn iwin náà láàyè. Ibẹ̀ ni ọba ti gba orúkọ Ọba Mọ́rọ̀. Onímọ̀ eré oníṣe Joel Adédèjì so ìtàn yìí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ eré alárìnjó. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fà yọ níbẹ̀ ni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ìbòjú òṣèré àti ojú amí ti jọ ń rìn pọ̀ nínú ìrònú Yorùbá. Ẹni kan fara hàn bí ohun tí kì í ṣe, ẹnì kejì sì dọdẹ òtítọ́ tí ó wà lábẹ́ ìbòjú.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú pẹ̀lú kì í ṣe àjèjì sí ìtàn àròsọ Yorùbá. Lẹ́tà tí ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti ọdún 1929 ni I. B. Thomas kó jọ sínú ìwé ní ọdún 1930, tí ó di ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Obìnrin tí ó ti gbé ayé oníṣekúṣe, tí àìsàn sì dá dùbúlẹ̀, ni ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ ni Thomas gbé sórí ìwé. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń ka ìwé náà mọ́ àwọn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìtàn àròsọ Yorùbá, wọ́n sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rò pé wọ́n ń kọ́ wọn ní aṣẹ́wó. Ohun tí ó mú kí ìwé náà wà títí di òní ni pé ó sọ ìrírí ẹ̀dá ní èdè tí ó ta sánsán.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà gẹ́gẹ́ bí Ibùdó Ìtàn

Bí òǹkọ̀wé kan bá ń wá ibùdó fún ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti oníjó, kò yẹ kí ó lọ jìnnà sí Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìpínlẹ̀ Kwara. Èsìẹ́ ni àwọn ère òkúta tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún wà. Ní ọdún 1933 ni ìròyìn wọn dé etí ìjọba amúnisìn láti ọwọ́ H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS. Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìtàn ìbílẹ̀ sọ pé ènìyàn ni àwọn ère náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Láti ọdún 1979 ni òfin ti fún àjọ tí ó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbára láti dènà kíkó irú ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè láìgba àṣẹ.

Ẹ wo ohun tí òǹkọ̀wé lè rí fà yọ níbẹ̀. Ère kan sọnù. Wọ́n rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá láti Ìlọrin, ó wọṣọ bí oníṣòwò aṣọ, ó wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ oníjó kan ní Òmù-Àrán nítorí pé wọ́n fura pé inú ẹrù ìlù wọn ni àwọn ole ń kó ère pamọ́ sí. Oníjó tí ó ga jù nínú ẹgbẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ fura sí i, nítorí pé oníjó a máa ka ìṣesí ara gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ti ń ka ìwé. Ẹni tí ó fura yìí náà ni ọkàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fà mọ́. Ó mọ̀ pé ìjábọ̀ òun lè sọ ẹni yìí sí ẹ̀wọ̀n fún ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, òun ti da iṣẹ́ òun. Síbẹ̀, ohun kẹta wà tí ó wúwo ju méjèèjì lọ: bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín fún òǹkọ̀wé. Ilẹ̀ Ìgbómìnà lórúkọ nínú ijó egúngún, pàápàá Eléwe, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ tí ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ará ọ̀run ni egúngún ní ojú àwọn tí ó ni ín. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣí ẹ̀kú lórí rẹ̀ nínú ìwé láti fi ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ hàn. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Òǹkọ̀wé tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe yóò fi ẹgbẹ́ oníjó tí ń jó ní òde ìyàwó àti òde ìwúyè ṣe ibùdó rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí Eléwe kọjá lójú pópó ìtàn náà pẹ̀lú ọlá rẹ̀. Bákan náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi irun dídì tí ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dì, tàbí aṣọ obìnrin tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àwọn ará Kétu, ṣe ẹ̀rí pé ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin jẹ́ ara àṣà náà. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ̀sìn àti eré sọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọkàn ẹ̀dá ń fẹ́. Ẹni tí ó bá ń gbèjà òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi irọ́ gbè é lẹ́sẹ̀.

Amí tí Ìfẹ́ Mú: Àpẹẹrẹ láti Òkèèrè

Ní ọdún 1976 ni Manuel Puig, ọmọ ilẹ̀ Argentina, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Sípáníìṣì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ El beso de la mujer araña. Ẹlẹ́wọ̀n méjì ni ó wà nínú iyàrá kan. Molina jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, Valentín sì jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ òṣèlú. Ọ̀gá ẹlẹ́wọ̀n ṣèlérí ìtúsílẹ̀ fún Molina bí ó bá lè gbọ́ àṣírí ẹgbẹ́ Valentín lẹ́nu rẹ̀. Molina di amí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, tí ó ń sọ ìtàn sinimá fún ẹnìkejì rẹ̀ kí oorun tó gbé wọn lọ, ìfẹ́ wọ inú rẹ̀, kò sì lè ta ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ikú ni ó fi parí ọ̀ràn náà. Ẹni tí ó ka ìwé yìí parí kò ní máa ronú nípa irú ìfẹ́ tí ó jẹ́ mọ́. Ohun tí yóò kù lọ́kàn rẹ̀ ni bí ẹni tí gbogbo ayé kà sí aláìníláárí ti di ẹni tí kò ṣeé rà.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójúkojú tún ju ti inú ìwé lọ. Ní ọdún 1964, Bernard Boursicot, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé aṣojú ilẹ̀ Faransé ní Beijing, pàdé Shi Pei Pu, akọrin àti òṣèré eré opera ilẹ̀ Ṣáínà. Shi mú un gbàgbọ́ pé obìnrin ni òun tí wọ́n tọ́ bí ọkùnrin. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n, Boursicot sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé àṣírí fún àwọn ará Ṣáínà. Ọwọ́ òfin tẹ̀ wọ́n ní Paris ní ọdún 1983, ilé ẹjọ́ sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ní ọdún 1986. David Henry Hwang fi ọ̀rọ̀ náà kọ eré oníṣe M. Butterfly ní ọdún 1988. Ìtàn yìí fi hàn pé ìbòjú kì í bo ẹni tí ó wọ̀ ọ́ nìkan. A máa fọ́ ojú ẹni tí ó ń wò ó pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ kẹta wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Vassall jẹ́ akọ̀wé ní ilé aṣojú Bìrìtìkó ní Moscow. Ní àárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn amí Rọ́ṣíà ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, wọ́n sì fi fọ́tò náà halẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi di amí fún wọn. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 18 ní 1962. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ka ohun tí ó ṣe nínú iyàrá sí ẹ̀ṣẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí fọ́tò náà fi lágbára. Nígbà tí òfin yí padà ní England àti Wales ní 1967, ọ̀pọ̀ lára agbára irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ pòórá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ibi tí òfin bá ti sọ ìfẹ́ di àṣírí ni amí ti ń rí ìjánu fi kó ènìyàn lẹ́nu.

Òfin, Ìbẹ̀rù àti Ìfojúsọ́nà

Ìfojúsọ́nà ni ẹ̀mí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Òǹkọ̀wé tí ó bá kọ ìtàn ọkùnrin méjì ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìfojúsọ́nà sílẹ̀. Òfin ti dá a sílẹ̀ fún un. Láti ọdún 1960 ni òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá, èyí tí Kwara jogún, ti fi ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 14 lélẹ̀ fún ìbálòpọ̀ tí ó pè ní èyí tí ó lòdì sí ìṣẹ̀dá. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó de ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 sì ni fún ẹni tí ó bá dá ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀ tàbí tí ó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé ìtura kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọkùnrin 57. Àwọn tí wọ́n mú ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Ọkùnrin 47 ni ó jẹ́jọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó wọ́gi lé ẹjọ́ náà nítorí pé àwọn olùpẹ̀jọ́ kò tẹra mọ́ ọn. Ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti hàn nínú ìwé ìròyìn àti lórí tẹlifíṣàn kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ọdún méjì tí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ fi wà lọ́rùn ènìyàn kì í ṣe ohun tí ìdájọ́ lè mú kúrò.

Yàtọ̀ sí ti ọlọ́pàá, àwọn gbájúẹ̀ wà tí wọ́n ń ṣe bí olólùfẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ọkùnrin wá sí ibi ìkọ̀kọ̀, tí wọn yóò lù ú, tí wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀, tí wọn yóò sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní lè fẹjọ́ sùn. Èyí jẹ́ amí àti olólùfẹ́ nínú ara kan ṣoṣo, òde òní sì ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún lè jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ olùkọ́. Bí ìtàn àròsọ Yorùbá bá dákẹ́ nípa rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ náà kò ní dáàbò bo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe gbájúẹ̀.

Ohun tí Àwọn Alátakò Ń Sọ

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn alátakò máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ti ń fi ọwọ́ kàn án ó pẹ́. Wọlé Ṣóyínká fi irú ẹ̀dá ìtàn bẹ́ẹ̀, Joe Golder, sínú The Interpreters ní 1965, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni ó fi í ṣe. Jude Dibia gbé e wọ inú ilé ọmọ Nàìjíríà nínú Walking with Shadows ní 2005. Babátúndé Apálówò ṣe fíìmù nípa ọkùnrin méjì ní Èkó, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Teddy ní Berlin ní 2023. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé méjèèjì. Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ ka ohun tí ó ń lọ lọ́kàn irú ọmọ Nàìjíríà bẹ́ẹ̀, ṣé èdè àjèjì nìkan ni yóò máa lọ yá? Bí èdè kan bá fi apá kan ìrírí àwọn tí ń sọ ọ́ sílẹ̀ fún èdè mìíràn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dín kù lójú àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ohun kejì ni ẹ̀sìn. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ohun tí wọ́n sì gbàgbọ́ kò fara sin. Kò sí ẹni tí ó ní kí olùkọ́ yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà kí ó tó lè ka ìtàn. Olùkọ́ tí kì í bọ Ògún ń kọ́ni ní ìjálá, èyí tí kì í bọ Ifá ń kọ́ni ní ẹsẹ Ifá, tọwọ̀tọwọ̀ sì ni. Irú ọ̀wọ̀ tí wọ́n fún ìgbàgbọ́ tí kì í ṣe tiwọn náà ni ìtàn ẹ̀dá tí ìfẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ ń bèèrè.

Ohun kẹta ni òfin àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Èyí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju àwọn méjì ìṣáájú lọ. Ìtàn ìfẹ́ àgbàlagbà, yálà ti ọkùnrin sí obìnrin tàbí ti ọkùnrin sí ọkùnrin, kì í ṣe ti kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ni akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó ń ka ìwé fún NCE. Ní ti òfin, ìgbéyàwó, ẹgbẹ́ àti ìfihàn ní gbangba ni òfin 2014 dárúkọ. Kò mẹ́nu ba ìtàn àròsọ. Kíka ìwé nípa ohun kan kì í ṣe ṣíṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹni tí ó ka Owó Ẹ̀jẹ̀ ni yóò fojú ba ilé ẹjọ́.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Orúkọ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu ará ọjà fún irú àwọn ènìyàn yìí, èébú ni. Olùkọ́ èdè ni ó yẹ kí ó mọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ pé ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Nínú kíláàsì ogójì ọmọ, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí ọ̀rọ̀ náà máa bà. Ọmọ tí ó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ bí èébú lẹ́nu olùkọ́ Yorùbá lè kórìíra olùkọ́, kí ó sì kórìíra Yorùbá pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe láti sọ ọ́ kedere láìbú ẹnikẹ́ni: ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tí ó fẹ́ràn obìnrin. Èdè tí ó lè kì ọba, kí ó kì ẹranko, kí ó kì igi, kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi pe ènìyàn ní ènìyàn.

Èkejì ni ọ̀nà ìṣelámèyítọ́. Kí olùkọ́ bi ìtàn náà ní ìbéèrè tí ó ń bi ìtàn gbogbo. Ṣé oníjó náà jẹ́ ẹ̀dá ìtàn tí ó pé, àbí òjìji tí wọ́n kàn fi ṣe ẹ̀rín? Ṣé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà jìyà ohun tí ó ṣe, àbí òǹkọ̀wé kàn tú u sílẹ̀ bí ẹni tú ẹyẹlé? Ṣé ìfẹ́ wọn dàgbà díẹ̀díẹ̀, àbí ó ṣàdédé yọ? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ará Òmù-Àrán dún bí ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà, àbí ó dún bí ìwé? Ìtàn tí kò bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa, kí ó gba máàkì kékeré, ohun yòówù tí kókó rẹ̀ ìbáà jẹ́. Èyí tí ó bá dáhùn wọn dáadáa, kí ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìpamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ irú ìtàn yìí kò sọ nǹkankan nípa ara rẹ̀. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lórí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí ó máa fi ìwé rẹ̀ wá ẹ̀rí kiri ọ́fíìsì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé olùkọ́ lọ́wọ́ kò sí lára ti amí.

Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, òṣèré àti ìbòjú ti ní ilé nínú ìtàn Yorùbá láti ayé Ọba Mọ́rọ̀, pé ìtàn àròsọ Yorùbá ti gba ọ̀rọ̀ ìtìjú mọ́ra láti ayé Ṣẹ̀gilọlá, àti pé ìbẹ̀rù tí ó yí ìfẹ́ ọkùnrin méjì ká ní orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe àròsọ. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni láti wo ẹ̀yìn ọ̀fà. Kò pọn dandan kí olùkọ́ fara mọ́ gbogbo ohun tí ó bá rí níbẹ̀. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí ó kà á dé òpin kí ó tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ọ̀la ti ń wo bí àgbà ṣe ń ṣe é.